Aago mélòó lẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá?

Ìpá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún bàbá kan, iṣẹ́ abẹ ọ̀hún sì yọrí sí rere. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ tó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì dìde, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá kó lè kírun àsùbáà. Ó kí ọkọ rẹ̀. Bàbá dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn tó fi dáhùn wúwo, bíi ti ẹni tí iyán gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rò pé oògùn oorun tí wọ́n lò fún un ní tíátà ni kò tíì tán lára rẹ̀. Nígbà tó kírun tán, ó po ẹ̀kọ, ó ń fi ṣíbí bù ú sí bàbá lẹ́nu, ẹ̀kọ náà sì ń ṣàn jáde ní igun ẹnu òsì. Ó nù ún, ó tún bu òmíràn.

Nǹkan bí aago 8 ni mo wọṣẹ́. Mo ní kí bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀tún gòkè. Òsì kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Mọ́mì, aago mélòó lẹ rí bàbá kẹ́yìn tí ara wọn ṣì dá ṣáṣá?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ọmọ mi, ṣebí ọsibítù la wà. Ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Òótọ́ ni, iṣẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n lóru, nọ́ọ̀sì kan lè máa bójú tó odindi wọ́ọ̀dù, nígbà tí ẹni tó jókòó ti aláìsàn ní ẹnì kan ṣoṣo láti máa wò. Òun ló mọ bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀. Òun ló mọ bó ṣe ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ àlàyé yìí fún gbogbo ẹni tó bá ní èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ní Ìlọrin ni o, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, tàbí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà: rọpárọsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọsibítù gan-an, aago tí ẹ bá sì dárúkọ fún dókítà ló máa sọ irú ìtọ́jú tó ṣì ṣeé ṣe.

Rọpárọsẹ̀, tí àwọn àgbà ń pè ní ẹ̀gbà, tí ọ̀pọ̀ wa sì ń pè ní sítíróòkù, kì í ṣe àìsàn ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti ń fara hàn. Inú ọpọlọ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ọpọlọ kò ní àká tó ń kó oúnjẹ pa mọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló fi ń gbé. Ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin mọ ohun tí ojú ń rí bí páìpù omi tó ń ti odò Àsà bọ̀ bá ní ìṣòro. Nǹkan lè dí i, páìpù sì lè bẹ́. Bó ṣe rí pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí náà nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan, apá ọpọlọ tó wà níwájú ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Irú èyí ló pọ̀ jù. Bí iṣan bá sì bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ya sínú ọpọlọ, á sì máa fún un mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń fa bíbẹ́ yìí, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwa ní Áfíríkà ju bó ṣe wà ní Yúróòpù lọ. Ọpọlọ apá ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì, ti òsì ló ń darí ọ̀tún. Nítorí náà, ti bàbá yìí, apá ọ̀tún orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ọdún 2006, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Jeffrey Saver, ṣírò rẹ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan ńlá nínú ọpọlọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ fi èyí wé àkókò tí a fi ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká wò ó di ọ̀sán."

Mo mọ̀ pé nílé wa, bí ẹnu èèyàn bá yí lójijì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé wọ́n ti ṣe é. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Kí Àáfà máa ṣe àdúrà, kí pásítọ̀ náà máa ṣe é, kí aláìsàn sì máa lọ sí ìdí ẹ̀rọ síkáànù tó ń ya àwòrán inú orí. Kò sí ìdí tí ọ̀kan fi ní láti dúró de èkejì.

Kí ló wá dé tó fi lè bá èèyàn níbi tó ti ń gba ìtọ́jú? Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ti ní àìsàn kan lára tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkàn tí kò lù déédéé, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ọkàn kó tó fò lọ sí ọpọlọ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ní kó dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró, irú bíi warfarin, nítorí iṣẹ́ abẹ tó ń bọ̀. Àìtó omi lára àti ibà ńlá máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, tí à ń pè ní BP, lè já wálẹ̀ jù ní tíátà tàbí nígbà tí wọ́n ń fọ kíndìnrín. Obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ ga nígbà oyún kò tíì bọ́ nínú ewu lọ́jọ́ tó bímọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ gan-an ni kí á máa ṣọ́ ọ, pàápàá bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí à ń pè ní SS, lè ní rọpárọsẹ̀ láti kékeré. Bí ọmọ SS tí ẹ gbé wá nítorí egungun ríro bá dédé ń wọ́ ẹsẹ̀ kan, ẹ má ṣe rò pé ìrora ló fà á. Ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà: ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ fún un.

Ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó ní rọpárọsẹ̀, láti orí 2 títí dé 17 ló jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló bá wọn, nítorí àìsàn mìíràn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá wọn dúró. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé lọ́pọ̀ ibi tí wọ́n ti wò ó, ẹni tó ti ilé wá sí pajáwìrì máa ń tètè dé ìdí síkáànù ju ẹni tó ti wà nínú wọ́ọ̀dù lọ. Èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ nínú wọ́ọ̀dù, kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n gbé sáré wọlé, gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Ẹni tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìdùbúlẹ̀ la ti mọ̀ ọ́n sí. Ó ń sùn: a ó ní abẹ́rẹ́ apàrora ni. Ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu: ẹnu rẹ̀ gbẹ ni. Ọwọ́ kan kò sì gbéra, ó jẹ́ pé ọwọ́ tí dírípù wà ni. Ta ló máa ní kó gbé e? Bí rọpárọsẹ̀ ṣe ń sá pa mọ́ sábẹ́ àìsàn mìíràn nìyẹn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa fi sọ́kàn ni "lójijì". Aláìsàn lè máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lálẹ́, tí kò wá lè sọ ọ́ láàárọ̀, ohun kan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀: ẹ ní kó ṣí eyín bí ẹni tó fẹ́ run pákò, kí ẹ wo bóyá igun ẹnu kan kò bá èkejì lọ. Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kó di ojú, kí ẹ ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá. Ọwọ́ tó bá rọra ń já bọ̀ lẹ ó kíyè sí. Ẹ má jẹ́ kí dírípù dí yín lọ́wọ́, ó ṣeé gbé sókè fún ìṣẹ́jú kan.

Ti ọ̀rọ̀ sísọ, mo fẹ́ràn kí n ní kí aláìsàn ki oríkì rẹ̀. Ará Ọ̀fà á ní "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà", ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ á sì mọ̀ bí ahọ́n bá wúwo. Ṣùgbọ́n kí ẹ má dúró síbẹ̀. Ohun tí èèyàn ti há sórí láti kékeré, ìbáà ṣe oríkì tàbí Fátíhà, lè jáde lẹ́nu rẹ̀ geere, kó má sì lè pe ṣíbí ní ṣíbí. Ẹ na ṣíbí sí i, ẹ na kọ́kọ́rọ́ sí i, kó dárúkọ wọn. Ẹ sọ fún un pé kó di ojú, ẹ wò bóyá ohun tí ẹ sọ yé e.

Àwọn àmì mìíràn wà tí kì í hàn lójú bẹ́ẹ̀: kí ojú dédé ṣú, tàbí kó máa rí ohun kan ní méjì; kí òòyì máa kọ́ ọ débi tí kò lè jókòó; orí fífọ́ kan tí kò tíì rí irú rẹ̀ rí; tàbí kí ó sùn lọ tí a ò lè jí i dáadáa. Bí àmì náà bá sì wá tó tún lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ṣì sọ. Ìkìlọ̀ ni irú ìyẹn, èyí tó tóbi lè tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Bí ẹ bá wá rí i, ẹ má kàn ní "nọ́ọ̀sì, ara bàbá kò yá." Gbogbo ẹni tó wà nínú wọ́ọ̀dù ni ara rẹ̀ kò yá. Ẹ sọ pé: "Ọwọ́ òsì wọn kò gbé mọ́, ẹnu wọn ti yí. Aago báyìí ni mo bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn tó dára." Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ lè ṣì í sọ. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó jọ rọpárọsẹ̀ tí kì í ṣe òun: ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù, wárápá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú èèyàn tán, ibà tó ń da orí rú, oògùn tó pọ̀ jù lára. Iṣẹ́ tiwa ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí nígbà mẹ́wàá lórí ohun tí kò jẹ́ nǹkan kan ju kí wọ́n dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan tó jẹ́ òótọ́ lọ.

Nípa aago, níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú rèé. Ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí máa ń dárúkọ ìgbà tí wọ́n rí àmì náà. Kì í ṣe ohun tí dókítà ń bèèrè nìyẹn. Ìgbà tí ẹ rí i kẹ́yìn tí kò sí àmì kankan ni. Ìyàwó bàbá yìí rí i ní ìdájí pé ohùn rẹ̀ wúwo. Nígbà tí mo jókòó tì í, tó fara balẹ̀ rò ó, ó rántí pé aago 10 alẹ́ ni bàbá mu omi, tó bèèrè bóyá ọmọ wọn tó wà ní Tankẹ ti délé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó sùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá aago 11 ló bẹ̀rẹ̀ tàbí aago 4. Nítorí náà aago 10 alẹ́ la máa kà á sí. Nígbà tí mo dé ní aago 8 àárọ̀, wákàtí 10 ti lọ.

Kí ló dé tí wákàtí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Oògùn kan wà tó lè yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, alteplase ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ìwádìí kan tó jáde ní 1995, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún rọpárọsẹ̀ ní 1996, láàárín wákàtí 3. Ìwádìí ti 2008 nà án dé wákàtí 4 àbọ̀. Ìkejì rẹ̀, tenecteplase, jẹ́ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Bí àkókò yẹn bá kọjá, bí ẹ̀jẹ̀ ya nínú orí, tàbí bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá, ewu oògùn náà lè ju àǹfààní rẹ̀ lọ, nítorí ohun tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú orí lè jẹ́ kí ojú abẹ náà máa ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà kejì tún wà: wọ́n á ti inú iṣan itan gba rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé ọpọlọ, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde. Ní 2015 ni àwọn ìwádìí ńlá fi hàn pé ó ṣiṣẹ́, fún àwọn kan ó sì ṣì ṣeé ṣe títí dé wákàtí 24. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì pàápàá wọ́n gan-an, kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní i. Mo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má bàa rò pé ẹnì kan fi í pa mọ́ fún yín.

Àmọ́ kí ẹ tó gbọ́ pé oògùn yẹn kò sí kí ẹ sì gbé èèyàn yín lọ sílé, ẹ dúró. Ìtọ́jú tó kù, tí kò lórúkọ ńlá, ló ń gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni pé a ó gún ìka rẹ̀ láti wo ṣúgà, nítorí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lè rọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi rọpárọsẹ̀, ó sì ṣeé tún ṣe lójú ẹsẹ̀. A ó wo bó ṣe ń mí. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà fún ẹni tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá wálẹ̀ ju ìdá 94 nínú 100 lọ, kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà, síkáànù orí, èyí tí wọ́n ń pè ní CT. Ẹ̀jẹ̀ tó ya máa ń funfun lójú àwòrán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì kò rí bẹ́ẹ̀: ní wákàtí àkọ́kọ́, àwòrán lè dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Mo ti gbọ́ tí mọ̀lẹ́bí ń jó pé "wọ́n ní síkáànù mọ́, kì í ṣe rọpárọsẹ̀." Ohun tí síkáànù tó mọ́ sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ kò ya. Bí ọwọ́ kò bá gbé síbẹ̀, rọpárọsẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀.

Síkáànù yìí náà ni a fi ń mọ̀ bóyá a lè fún un ní aspirin. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà, aspirin á máa da epo sí iná. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré lọ rà á ní kẹ́mísì kó sì fún aláìsàn kí síkáànù tó jáde.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ìfúnpá, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwa àti mọ̀lẹ́bí. Wọ́n á rí 190 lórí 100 lójú ẹ̀rọ, wọ́n á ní "Nọ́ọ̀sì, BP wọn ti ga, ẹ fún wọn ní nǹkan!" Dókítà á wò ó, á ní ká fi sílẹ̀. Ó dà bí ìwà àìbìkítà, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dábùú ọ̀nà ńlá ní Ọ̀fà Gáréèjì, àwọn awakọ̀ á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba àárín ilé kọjá. Nígbà tí iṣan ńlá bá dí nínú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ ń gba àwọn iṣan kéékèèké yí ibẹ̀ po, ìfúnpá tó ga ló sì ń tì í gba ibẹ̀. Bí a bá já ìfúnpá wálẹ̀ lójijì, ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn á gbẹ, apá tí kò tíì kú nínú ọpọlọ náà á sì kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń fi í sílẹ̀ títí tó fi máa ju 220 lórí 120 lọ, fún ẹni tí kò gba oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, àyàfi tí àìsàn mìíràn, bíi ti ọkàn, bá sọ pé kí wọ́n dín in kù. Ẹni tó bá máa gba oògùn náà, ìfúnpá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí 185 lórí 110 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì wà nísàlẹ̀ 180 lórí 105 fún wákàtí 24. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ya nínú orí rẹ̀ wá yàtọ̀ pátápátá: tirẹ̀ la ń yára fà wálẹ̀, kí nọ́ńbà òkè rẹ̀ lè wà ní àyíká 140, kí ẹ̀jẹ̀ náà má bàa máa ya sí i. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀dì méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí nọ́ńbà wọn dọ́gba, kí wọ́n fún ọ̀kan ní oògùn, kí wọ́n má fún èkejì. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, láti inú báàgì fi sábẹ́ ahọ́n aláìsàn. Ó lè já ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà wúwo lọ́kàn mi. Lọ́dọ̀ wa, fífún aláìsàn lóúnjẹ jẹ́ ara ìfẹ́. Ẹni tó gbé ẹ̀kọ àti wàrà wá láti Ọjà Ọba, o fẹ́ sọ fún un pé kó gbé e padà? Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ tó mú ẹnu lè mú ọ̀fun. Ẹ̀kọ tí kò bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró á sì wú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti rọ́wọ́ mú nínú rọpárọsẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró wíwú yìí pa lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu wọlé títí tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á fi yẹ bó ṣe ń gbé nǹkan mì wò: á gbé e jókòó, á fún un ní omi ṣíbí kékeré kan, á wò bóyá ó wúkọ́, á gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà ní ọ̀fun rẹ̀. Oògùn wà nínú ohun tí mo ń sọ. Omi Zamzam àti hàǹtú náà wà níbẹ̀. Mo mọ ìyì wọn, mo sì ti sọ fún ọ̀pọ̀ ìyá pé kí wọ́n fi pa á lórí tàbí láyà. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, wọ́n á ti rọ́bà bọ imú rẹ̀, oúnjẹ á gba ibẹ̀. Rọ́bà yẹn kì í ṣe àmì pé ó ń kú lọ. Ó wà kí ebi má bàa pa á títí ọ̀fun á fi padà bọ̀ sípò.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tó rọ fà á dìde láé. Egungun èjìká rẹ̀ lè yẹ̀, ìrora yẹn sì lè pẹ́ ju rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Abẹ́ abíyá tàbí ẹ̀yìn ni kí ẹ ti gbé e. A ó máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì kí ara rẹ̀ má bàa bó. Bí ara rẹ̀ bá gbóná ju 38 lọ, ẹ pè wá, ibà máa ń ba ọpọlọ tó ti farapa jẹ́ sí i. Fisió, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láti tún máa ṣiṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, díẹ̀díẹ̀.

Fún àwọn tó wà ní gúúsù Kwara, níbi tí ilé ìwòsàn kan lè má ní ẹ̀rọ síkáànù: ẹni tó ń ti Òmù-Àrán bọ̀ á gba Ajàṣẹ́-Ìpo kó tó dé Ìlọrin, bó bá sì jẹ́ Ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin ló ń lọ, ojú ọ̀nà Jẹ́bà lọ́hùn-ún ni, ó tún gbọ́dọ̀ la ìlú kọjá. Ọ̀nà yẹn ń jẹ àkókò, ẹ má jẹ́ kí ohun mìíràn jẹ ẹ́ kún un. Kí ọkọ̀ tó gbéra, kí wọ́n wo ṣúgà rẹ̀, kí wọ́n pe ọsibítù tí ẹ ń lọ, kí wọ́n sì kọ aago ìkẹyìn yẹn gàdàgbà sórí lẹ́tà. Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání nínú ọ̀rá, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bó bá ń bì tàbí tó ń sùn lọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Kò sóhun jíjẹ, kò sóhun mímu lójú ọ̀nà.

Ohun tó ń fà á ní ìpilẹ̀ kò ṣókùnkùn. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan lórí rọpárọsẹ̀ jáde, SIREN ni wọ́n ń pè é, èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà. Nǹkan 11 tó ń fa ewu rọpárọsẹ̀, tí a sì lè ṣàtúnṣe, ni wọ́n rí, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo wọn. Àìjẹ ewébẹ̀ tútù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bíbu iyọ̀ sórí oúnjẹ tó ti jinná. Mo fi kún un láti inú ohun tí mo ń rí: nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn kan máa ń dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró pátápátá. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí oṣù tó lé. Ọ̀pọ̀ oògùn yẹn ṣeé pín sí sààrì àti ìṣínu.

Síkáànù bàbá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Àkókò oògùn tó ń yọ́ ọ ti kọjá. A gba ẹ̀kọ kúrò lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, a fi rọ́bà sí imú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò wú. Ó fi ọ̀pá rìn jáde ní wọ́ọ̀dù. Kí wọ́n tó lọ, ìyàwó rẹ̀ ń bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì, ẹni tí ọkọ tirẹ̀ máa wọ tíátà lọ́jọ́ kejì. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó yí káàdì ọsibítù ọkunrin náà sẹ́yìn, ó ní kí obìnrin náà bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó sùn lálẹ́, kó sì máa kọ aago rẹ̀ síbẹ̀.